Orí Kẹfà: Kọ̀rọ̀ Ara Tí Kì Í Gbẹ

Ibi yòówù tí awọ bá ti pàdé awọ lára ènìyàn, òógùn kì í jìnnà síbẹ̀. Abẹ́ ọmú, abíyá, ojú itan, abẹ́ ikùn tó bá yọ sílẹ̀, àárín ìdí, ọrùn ọmọ ọwọ́ tó sanra, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀: àwọn ni mò ń pè ní kọ̀rọ̀ ara nínú orí yìí. Ẹni tó bá ti ní èélá níbẹ̀ rí mọ bó ṣe ń ṣe é. Yóò máa yún un débi tí kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀, òógùn á kàn án, á máa ta á, ẹ̀rù á sì máa bà á kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má lọ gbóòórùn rẹ̀. Ibi tó wà ni kò jẹ́ kó ṣeé sọ. Ẹni náà á yọ́ lọ ra ìpara, ibẹ̀ á sàn. Bó bá wá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún yọjú.

Ìpadàbọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ jù. Nǹkan méjì ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀: ibẹ̀ kì í gbẹ, ìpara tí a rà kì í sì í ṣe èyí tó yẹ.

Ohun tó ń hù níbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin kúrò. Ẹni tó bá gbà pé ìdọ̀tí ló fà á yóò máa fi kànìnkànìn gbo ibẹ̀ tàárọ̀ tọ̀sán talẹ́, awọ á bó, ọ̀rọ̀ á wá di méjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí awọ méjì bá ń ha ara wọn nínú òógùn, awọ òkè á rọ̀, á sì máa ṣí. Ibi tó ṣí yẹn ni fọ́ńgáàsì ń rí ilé kọ́ sí. Ẹbí kan náà ni fọ́ńgáàsì yìí, olú inú igbó, àti ohun tó máa ń bu sára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nínú ọ̀rá. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ní ọ̀rinrin, tí atẹ́gùn kì í dé ni wọ́n ń wá kiri.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ ní kọ̀rọ̀ ara. Èkíní ni Candida. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni kó o ràn yín. Inú ìfun àti ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń gbé jẹ́jẹ́, àfi ọjọ́ tó bá ráyè. Bó bá mú abẹ́ ọmú tàbí ojú itan, ojú ibẹ̀ á tutù, á máa dán, á máa yún, á sì tún máa ta gan-an, ẹ ó sì rí kókó wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká etí rẹ̀. Nígbà mìíràn, nǹkan funfun á kó sínú ìlà ibi tí awọ ti ṣẹ́po. Ìkejì ni làpálàpá gan-an, èyí tí ènìyàn ń kó lára ẹlòmíràn, lára aṣọ ìnura, tàbí láti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lójú itan, á máa fẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ itan, etí rẹ̀ á ga, á máa pa èépá, àárín rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Àmì kan wà tó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ bó bá jẹ́ ọkùnrin ló wá: làpálàpá kì í sábà mú awọ ẹpọ̀n, ṣùgbọ́n Candida ń mú un.

Ẹ má fi àwòrán inú ìwé òyìnbó díwọ̀n rẹ̀. Pupa fòò ni ẹ ó rí níbẹ̀, torí ara òyìnbó ni wọ́n yà. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, ó lè rí bí àlùkò, ó sì lè rí bí eérú. Bó bá tún ti sàn tán, àpá dúdú á kù níbẹ̀, ó sì lè lo oṣù púpọ̀ kó tó parẹ́. Àpá lásán ni. Bí kò bá yún mọ́, tí kò ga, tí kò pa èépá, àìsàn ti lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lè mú sùúrù fún àpá yìí, wọ́n á gbé ìpara tó ń bó ara lé e, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn tó ti jáde. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà ní kọ̀rọ̀ ara ni fọ́ńgáàsì o. Bakitéríà kan wà tó máa ń ya ojú pẹrẹsẹ aláwọ̀ ilẹ̀ sí abíyá tàbí ojú itan, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yún. Oògùn apabakitéríà nìyẹn ń fẹ́. Eéwo abíyá tó ń wú, tó ń tú, tó tún ń padà síbi kan náà títí ibẹ̀ á fi di kìkì àpá, dókítà ló yẹ kó wò ó. Ọmọdé tí ìdí ń yún lóru, tí gbogbo ilé ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni nítorí ṣúgà, aràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin tọkọtaya náà, ẹ fara balẹ̀: èélá ojú itan kì í ṣe àtọ̀sí, kò sì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan ń yan àlè.

Mẹ́ta nínú ọ̀kan

Ẹ wọ ilé kẹ́mísì kan ládùúgbò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, brọ̀dá. Ẹ bá mi wá ìpara tó dáa fún ara yíyún."

"Ẹ káàsán, mà. Níbo ló ti ń yún yín, mà?"

"Ó ṣáà ń yún mi ni."

"Ẹ gba èyí, mà. Mẹ́ta nínú ọ̀kan ni. Kò sí irú èélá tí kì í wò."

Màmá náà á sanwó, á dúpẹ́, á sì máa lọ. Oníkẹ́mísì náà kò parọ́ fún un pé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń pa fọ́ńgáàsì, ọ̀kan ń pa bakitéríà, ẹ̀kẹta sì ni stẹ́rọ́ìdì. Ẹ̀kẹta yìí ni alágbára, òun sì ni ọ̀dàlẹ̀. Kì í pa kòkòrò kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó pàṣẹ fún ara kó má jà mọ́. Nígbà tí ara ò bá jà, yíyún á dáwọ́ dúró, ojú ibẹ̀ á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì péré, ẹ ó sì máa yin oníkẹ́mísì. Ṣùgbọ́n ara tó yẹ kó lé fọ́ńgáàsì jáde ti kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó pa ìpara náà tì ní kété tí yíyún bá ti dáwọ́ dúró, nígbà tí oògùn tó ń pa fọ́ńgáàsì nínú rẹ̀ ò tíì parí iṣẹ́. Bí ẹ bá ti dáwọ́ dúró báyìí, á tú pùú, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ó tún padà lọ ra òmíràn. Mo mọ àwọn tó ti ń ra túùbù kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé, tí wọ́n sì ń pè é ní oògùn wọn.

Òmíràn tún ṣì ń bọ̀. Lójú itan àti ní abíyá, awọ fẹ́lẹ́, awọ mìíràn sì tún bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà stẹ́rọ́ìdì ń wọ inú ara níbẹ̀ ju bó ṣe ń wọlé ní apá tàbí ẹ̀yìn lọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, awọ á máa tín-ín-rín, á sì máa ya bí ikùn aboyún ṣe ń ya. Ìlà yẹn kì í parẹ́ tán mọ́. Ó tún ń pa ìrísí làpálàpá dà: etí tó ga yẹn á pòórá, àárín rẹ̀ á dàrú, dókítà tó mọṣẹ́ gan-an á wò ó títí kó tó mọ ohun tó jẹ́. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ má tilẹ̀ dán an wò, torí ara wọn kéré, ohun tó bá wọ awọ wọn sì ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá.

Nítorí náà, ẹ yí páálí ìpara náà padà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí clobetasol, betamethasone, dexamethasone, triamcinolone, tàbí orúkọ mìíràn tó parí sí -sone tàbí -lone, stẹ́rọ́ìdì ni. Ẹ dá a padà. Dókítà lè fún ènìyàn ní hydrocortisone tí kò le pọ̀ mọ́ oògùn fọ́ńgáàsì fún ọjọ́ díẹ̀ bí yíyún bá pọ̀ jù. Òun ló sọ ọ́, òun ló sì ń ka ọjọ́ rẹ̀. Clobetasol yìí kan náà ló ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tó ń bó ara, ìdí nìyẹn tí làpálàpá ẹni tó ń bó ara fi máa ń tàn dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Alẹ́ ló dára jù, nígbà tí ẹ kò ní jáde mọ́. Ọwọ́ lásán àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi wẹ ibẹ̀, kí ẹ sì ṣan án kí ọṣẹ kankan má kù. Ẹ má da oògùn apakòkòrò ilé ìyàgbẹ́ sómi ìwẹ̀. Awọ tó ti ṣí ò lè gbà á. Aṣọ òwú tó mọ́ ni kí ẹ fi tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún bí ẹni ń nu tábìlì. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ọmú tàbí ikùn sókè, tàbí kí ẹ ya itan, kí ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i. Bí kò bá sí iná, abẹ̀bẹ̀ wà. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kò tíì gbẹ. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, torí ìpara tí a fi lé omi, ńṣe ló ń sé omi náà mọ́bẹ̀.

Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, kí ó kọjá etí èélá náà ní nǹkan bí ìbú ìka kan yíká, torí fọ́ńgáàsì ti wà níwájú ibi tí ojú yín rí. Bó bá ṣì funfun lójú awọ lẹ́yìn tí ẹ ti fi ìka tẹ́ ẹ, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ìpara wo wá ni? Èyí tó ní orúkọ oògùn kan ṣoṣo lára. Clotrimazole 1% tàbí miconazole 2% ń ṣiṣẹ́ fún Candida àti làpálàpá, nítorí náà ẹni tí kò mọ èyí tó ń ṣe é lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Terbinafine 1% yára fún làpálàpá, ó sábà máa ń parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí Candida. Nystatin, Candida nìkan ló mọ̀ ọ́n pa. Bí ẹ bá fi pa làpálàpá fún ọdún kan, kò ní gbọ́. (Obìnrin méjì, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, ló ṣàwárí nystatin yìí ní Amẹ́ríkà ní 1950, láti inú ohun kan tó ń gbé inú erùpẹ̀ oko. Wọn ò fi owó rẹ̀ sápò. Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe.) Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ kí ẹ tó san owó.

Ọjọ́ tí yíyún bá dáwọ́ dúró kọ́ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Bí ẹ bá ń lo clotrimazole tàbí miconazole fún làpálàpá, ẹ máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ ti mọ́. Fún Candida, ọ̀sẹ̀ kan tó.

Ìpara tó ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ kọ̀rọ̀ ara. Èyí tó ṣe gírísìgírísì ń sé òógùn mọ́bẹ̀, òrí àti àdí náà sì rí bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dára fún ẹsẹ̀ tó ń sán. Ìpara Whitfield àtijọ́, tí àwọn bàbá wa ń fi wo làpálàpá apá àti ẹ̀yìn, á jó yín lójú itan. Ásíìdì wà nínú rẹ̀. Àwọn báàmù tó ń ta lójú bí a bá ṣí wọn, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n wà fún.

Àwọn kan á ní ewé àsùnwọ̀n ńkọ́. N kì í bú u. Ohun tó wà nínú ewé yẹn ń pa fọ́ńgáàsì lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dán an wò, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló sì ń fi í ṣe ọṣẹ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ bí èyí tí ẹ gún lónìí ṣe le tó sí ti àná, awọ abẹ́ ọmú kò sì nípọn bí ti ẹ̀yìn. Ní tèmi, ẹ fi í sílẹ̀ fún apá àti ẹsẹ̀. Ní ti omi bátìrì, kẹrosíìnì àti omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, ẹni tó bá fi wọ́n pa ojú itan ti gbé egbò tuntun lé àìsàn àtijọ́.

Kí ibẹ̀ lè máa gbẹ

Ẹni tó jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọjọ́ta dé Ìkòròdú, tó wọ ṣòkòtò jíǹsì tó fún mọ́ ọn lára, ti wẹ ìwẹ̀ òógùn kó tó délé. Ẹ kò lè mú ọ̀nà yá, ṣùgbọ́n ẹ lè bọ́ ṣòkòtò náà ní kété tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Pátá òwú ni kí ẹ máa wọ̀. Awakọ̀ àti ọlọ́kadà lè mú ọ̀kan dání láti fi pààrọ̀ lọ́sàn-án.

Obìnrin tí ọmú rẹ̀ tóbi, kọ́mú tó gbé e sókè dáadáa sàn ju èyí tó rọ̀ lọ, torí awọ tí kò fi ara kan awọ kò ní lágùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé aṣọ òwú funfun tó ti gbó sí pẹlẹbẹ, ẹ fi há abẹ́ ọmú, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀ kó lè máa fa omi jáde. Bó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ bọ́ kọ́mú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí aṣọ náà wà níbẹ̀. Kọ́mú tí a wọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta láìfọ̀ ń dá fọ́ńgáàsì padà síbi tí ìpara ti lé e.

Ọ̀rọ̀ sísá pátá wá dé. Láti ìgbà tí ìròyìn àwọn tó ń jí pátá obìnrin ti gbòde, ọ̀pọ̀ obìnrin ò sá a síta mọ́. Inú balùwẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, níbi tí oòrùn ò ti yọ rí, á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin fún ọjọ́ méjì. Mi ò ní sọ pé kí ẹ gbé e síta bí ọkàn yín ò bá balẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná lé e nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí abẹ́ fáànù, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ nínú àti lóde kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bákan náà ni aṣọ ìnura. Òkìrìkà tí ẹ ra lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó tó kan ara.

Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ibi tí omi ti ń jẹ yín láàárín ọmọ ìka, làpálàpá sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì ń gun òkè. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sínú pátá, ẹ̀gbẹ́ pátá náà á gbá ọmọ ìka, á sì gbé ohun tó gbá lọ sójú itan. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ pátá. Ẹ fi aṣọ ọ̀tọ̀ nu ẹsẹ̀. Ẹ sì tọ́jú ẹsẹ̀ àti itan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa lé e láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ọmọ ọwọ́: pàǹpá tó ti tutù kì í dúró de aago. Bí ìdí ọmọ bá pọ́n ṣùgbọ́n tí inú ìlà itan rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ló jó o. Ẹ tú u síta, kí ẹ fi ìpara zinc oxide bò ó. Bó bá jẹ́ pé inú ìlà náà gan-an ló ti mú, tí kókó wẹ́wẹ́ sì yí i ká, Candida ni, nystatin tàbí clotrimazole ló ń fẹ́. Ní ti páúdà tí a máa ń fi kun ọrùn ọmọ títí á fi funfun, ẹ dákun, ẹ dín in kù. Wàrà ọmú àti òógùn á pò ó mọ́ra bí àmàlà tó dì, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Aṣọ tó tutù ni kí ẹ fi nu ọrùn náà, kí ẹ wá fi èyí tó gbẹ tẹ̀ ẹ́.

Bó bá kọ̀ tí kò lọ

Candida tó ń padà wá láìdáwọ́ dúró lábẹ́ ọmú tàbí lójú itan àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun: bó bá dé 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Kò sí ìpara tó lè borí ṣúgà yẹn. Bí ẹnu àgbàlagbà bá tún ní ohun funfun bíi wàrà tó dì, kí ó ṣe àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú. Oyún, sísanra àti oògùn apabakitéríà tí a ń lò lemọ́lemọ́ náà ń ṣí ọ̀nà fún un.

Ẹ má ra tábúlẹ́ẹ̀tì fọ́ńgáàsì fún ara yín. Fluconazole ń bá ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn jà, aboyún kò sì gbọdọ̀ gbé e mì láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ketoconazole oníhóró, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́: ní 2013, ilẹ̀ Yúróòpù dá títà rẹ̀ dúró, Amẹ́ríkà náà sì dín lílò rẹ̀ kù gan-an. Ìpara rẹ̀ kò ní wàhálà yẹn.

Bí ibà bá bá a wá, tí ibẹ̀ bá ń wú, tó gbóná, tó ń dunni bí a bá kàn án, tàbí tí ọyún ń jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Egbò tí kò jiná náà kò yẹ nílé. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ ti ń pa ìpara tó tọ́, tí ibẹ̀ sì ń gbẹ, dókítà awọ ni kí ẹ wá lọ. Wọ́n wà ní UCH n'Íbàdàn àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ kó gbogbo túùbù tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tó ń tì yín lójú. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú bóyá kí ẹ dáwọ́ ìpara dúró ná, torí bí wọ́n bá fẹ́ ha èépá rẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, ìpara tí ẹ pa láàárọ̀ lè mú kí wọ́n wá fọ́ńgáàsì tì níbi tó ti wà.